Kọ̀ǹpútà Tí Ṣódájú Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Àwọn bíríkìlà ló sọ obìnrin náà ní Ṣódájú, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilé sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Bí o bá sọ fún un pé ilẹ̀ rẹ fẹ̀ tó báyìí, á wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Ṣé ó dájú?" Bí o bá ní o ti wọ̀n ọ́n, á béèrè ẹni tó bá ọ di ìdí okùn mú lọ́hùn-ún. Bí ọkọ rẹ̀ bá wọlé tó ní òjò ń rọ̀, tí omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, Ṣódájú á kọ́kọ́ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ná. Kì í ṣe pé ó burú o. Obìnrin náà lawọ́, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kò sì sí ilé kan tó yà tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ rẹ̀ ń ṣí lu àtẹ̀gùn. Ìfura loògùn àgbà, àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ ti kúrò ní oògùn, ó ti di oúnjẹ.

Ohun tó wá dá kún un ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́. Ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò kejì, pé fáànù rẹ̀ ń pariwo. Ariwo náà lọ lóòótọ́. Àmọ́ látìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé, bó bá ṣí àwòrán ilé alájà kan péré, á máa ronú bí ẹni tí wọ́n pè sí ìpàdé ẹbí. Nígbà tí ẹlòmíì tú u wò, ráàmù méjì tó wà nínú rẹ̀ ti ku ẹyọ kan. Ráàmù yìí ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé, bí télọ̀ ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Bí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ á máa wọ́. Ṣódájú padà lọ bá ọkùnrin náà, ọkùnrin náà búra pé bó ṣe gbé e wá nìyẹn. Ẹ̀rí kò sí. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sílé. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé ẹnikẹ́ni ò tún ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun mọ́, pé òun fúnra òun lòun máa to tuntun, látorí nọ́ọ̀tì dórí wáyà.

Kò tíì to irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, láti kékeré ló ti ń jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti ń múra láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì ti ṣèlérí fún un lójú gbogbo èèyàn pé òun ló máa gba kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, tí á di ọ̀gá ara rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni ọ̀gá náà kì í fẹ́ gbọ́ létí. "Ẹni tó bá ta ayédèrú lábẹ́ orúkọ mi," ó máa ń sọ ọ́, "èmi àti ẹ̀ ti parí." Ṣódájú mọ gbogbo èyí. Òun náà ti ń gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn ní àràárọ̀.

"Lọ bá àbúrò ẹ," ọkọ rẹ̀ ní. Awakọ̀ ni ọkọ yìí, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò kánjú dé ibi kankan.

"Mo máa lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni òun àti olè yẹn jọ ń ṣe."

"Àbúrò ẹ lò ń sọ yẹn o."

"Mo mọ̀. Àbúrò mi ni nílé. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́jà ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, Dádì, tó bá rí ekòló, á sá."

"Ọlọ́pàá mi," ọkọ rẹ̀ ní, "oògùn tó bá pọ̀ jù, aláìsàn ló ń pa." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà há, páálí kún un dé àjà, èèyàn méjì ò lè kọjá láìfara kan ara wọn. Àbúrò rẹ̀ nu àga fún un kó tó jókòó. Bó ṣe ń gbé ọjà kalẹ̀ ló ń ṣàlàyé, bí olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ iléèwé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má torí pé iná ń tàn yẹ̀rì lára kéèsì kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà á. Kéèsì ò ju ilé lọ. Ọpọlọ rẹ̀ àti bọ́ọ̀dù ńlá tó máa jókòó lé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Bí wọn ò bá bára mu, kò sí béèyàn ṣe lè tì í tó máa wọlé."

"Ṣé ó dájú?"

"Ó dájú, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí àti èyí ló bára mu."

Ṣódájú wo èyí, ó wo èyí. Ó ń rò ó pé èyí tó bára mu yìí, ṣé kì í ṣe pé òun náà ni kò tà lórí àtẹ láti ọjọ́ yìí? Ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Ìpara tẹ́ ẹ máa fi sórí ọpọlọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé fáànù lé e, kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ooru ló ń bá a fà jáde. Bó bá pọ̀ jù, á ṣàn síta."

Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Látìgbà tí Ṣódájú ti ń ra ọjà láyé, kò tíì rí ọlọ́jà kan tó ní kó lo díẹ̀. Ó fura pé nǹkan ń bẹ lábẹ́ ẹ̀.

"Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin. Iná kékeré kan máa ń wà lára èèyàn, a kì í mọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa ráàmù."

Áà, Ṣódájú sọ nínú ara rẹ̀, ó ti ń wá ibi tó máa sá sí. Bó bá bàjẹ́ lọ́la, ara mi ló pa á nìyẹn.

"Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n wá bá yín tò ó lọ́jọ́ ìsinmi," àbúrò rẹ̀ ní. "Ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan."

"Rárá o. Èmi fúnra mi ni."

"Kí n kàn wá wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa tò nìyí."

"Kí lo fẹ́ wá wò?" Ó rántí pé òun ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìyá òun, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àmọ́ ó ti dá a lójú pé bí òun bá kọ̀, ọmọ yìí ṣì máa wá, á tú kéèsì wò lẹ́yìn òun, ohun tó bá sì mú lọ nínú rẹ̀, ta ló máa mọ̀? Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ fẹ́ ojú. "Ooru yìí pọ̀. Bá mi wá omi tútù."

Kò tíì pa ẹnu dé tí àbúrò rẹ̀ ti dìde. Kò sí omi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní láti sọdá títì lọ rà á. Ọ̀gá rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ti jáde báyìí, Ṣódájú mú kútẹ́ẹ̀sì tó wà nínú báàgì rẹ̀ jáde, èyí tí kò ní àwọ̀, tí wọ́n kàn fi ń mú èékánná dán. Ó kán an tó sí abẹ́ kéèsì. Ó kán an sẹ́yìn àpótí tó ń pín iná. Ó kán an sí etí bọ́ọ̀dù. Bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ nǹkan, òun á yí i sójú ìmọ́lẹ̀, ibi tó bá dán lọ́tọ̀ á sọ fún òun. Ó wá kan ráàmù, irú èyí tí wọ́n ti jí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò ṣeé fọkàn tán, wọ́n lè ṣí ìwé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ara rẹ̀ tó kù wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè rí i. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù, tí wọ́n máa ń tì bọ inú bọ́ọ̀dù. Olè wo ló máa ronú wo ibẹ̀? Ó fi kútẹ́ẹ̀sì kun eyín mélòó kan níwájú, ó kùn wọ́n lẹ́yìn, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè gbẹ. Ó bá dá a padà sínú páálí.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi dé, tòun ti òógùn lójú, Ṣódájú ti jókòó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó gba omi, ó mu ún tán. "O ṣé, àbúrò mi. Ọlọ́run á bá ọ ṣe tìẹ náà," ó ní, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Ó sanwó, ó kó ọjà náà délé, orí tábìlì oúnjẹ ló sì ti tò ó. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ bọ́ọ̀dù bí àbúrò rẹ̀ ṣe wí, nítorí ó ti béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì méjì, wọ́n sọ ohun kan náà. Ó fọwọ́ kan irin fèrèsé. Ó gbé ọpọlọ rẹ̀ jókòó jẹ́jẹ́, ó wọ ipò ara rẹ̀ láìjà. Ó lọ mú ẹ̀wà kan wá láti kíṣìnì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpara kó lè wọ̀n ọ́n. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé ẹ̀wà yẹn náà dájú?" Ṣódájú fún ìpara sórí ọpọlọ náà, ó tó ẹ̀wà kan gẹ́lẹ́. Ó de fáànù mọ́lẹ̀, ó tẹ ráàmù títí igun rẹ̀ méjèèjì fi dún kẹ́ẹ́, ó to gbogbo rẹ̀ sínú kéèsì. Wáyà iná kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé lẹ́bàá ọpọlọ, kò gbàgbé rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, iná tàn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, kò yẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pí, pí, pí.

Ó tú u, ó tún un tò. Pí, pí, pí. Nínú ìwé kékeré tó bá bọ́ọ̀dù wá, ó kà á pé bó bá ké báyẹn, ráàmù rẹ̀ ni kò rí. Ṣódájú gbé ìwé náà kalẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní. Inú ń bí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mi ò bá ní parọ́ fún yín, apá kan nínú rẹ̀ ń yọ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ afura bíi kí ìfura rẹ̀ já sí òótọ́.

"Pe àbúrò ẹ kó wá wò ó," ọkọ rẹ̀ ní.

"Kó lè wá mú èyí tó kù lọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dìde, ó kí i, ó na ọwọ́ pé kó jẹ́ kóun wo ráàmù náà. Ṣódájú gbé ọwọ́ kúrò, ọ̀gá ló gbé e lé lọ́wọ́. Ọ̀gá tì í bọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán ọjà wò. Kò ṣiṣẹ́. Ó yọ ọ́, ó tún un tì. Kò ṣiṣẹ́.

"Inú páálí wo lo ti mú èyí?" ọ̀gá béèrè.

"Inú tuntun, sà. Èmi náà ni mo gbà á wọlé."

"Àbúrò mi ni," Ṣódájú ní, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Látọjọ́ tí mo ti ra ọjà yẹn ni mo ti ń fura sí i."

Àwọn oníbàárà yíjú. Ọ̀kan gbé ohun tó fẹ́ rà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rẹ̀ ní, "èmi?"

Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ mú ráàmù mìíràn fún Ṣódájú, ó bẹ̀ ẹ́, ó wá kọjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Máa lọ sílé ná. Tí mo bá fẹ́ rí ọ, mo máa ránṣẹ́ sí ọ. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì yẹn, gbàgbé ẹ̀." Ọmọkùnrin náà mú aṣọ òtútù rẹ̀ lẹ́yìn àga, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá, nínú ibi tóóró yẹn, ó sì ṣọ́ra kí ara rẹ̀ má kan tirẹ̀.

Ráàmù tuntun náà ṣiṣẹ́. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, ojú kọ̀ǹpútà tàn yòò. Ó ṣí àwòrán ilé alájà mẹ́ta, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ mí. "Dádì, ẹ wá wò ó. Ẹ wá wo ojúlówó." Ọkọ rẹ̀ wá, ó wò ó, ó ní ó dára. Kò béèrè nípa àbúrò rẹ̀. Ṣódájú náà ò mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún, ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó fẹ́ de kéèsì pa, ó rántí pé òun ò tíì sàmì sí ráàmù yìí. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ ráàmù, ó kun eyín rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó fẹ́ ẹ kó gbẹ, ó tì í padà títí tó fi dún kẹ́ẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Pí, pí, pí.

Ó kọ́kọ́ rò pé kò wọlé dáadáa. Ó tún un tì. Pí, pí, pí. Ó yọ ọ́, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ibi tó kùn náà ń dán lórí àwọn eyín góòlù, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí awọ. Ó wò ó pẹ́. Ó lọ mú omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, ó fi òwú nù ún, ó dúró kó gbẹ, ó tì í padà. Ojú kọ̀ǹpútà tàn yòò.

Orí páálí tó wà nílẹ̀ ló jókòó lé. Àwòrán ilé alájà mẹ́ta yẹn wà lókè, kò lè wò ó. Ọkọ rẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó nawọ́ ìgò kútẹ́ẹ̀sì sí i, ó ṣàlàyé fún un. Ọkọ rẹ̀ gba ìgò náà, ó yí i wò. "Bó o bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀," ó ní. Kì í ṣe pé ó ń gbà á nímọ̀ràn, ó kàn fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe ni. Ṣódájú dìde, ó wá bàtà rẹ̀.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó mú ráàmù àkọ́kọ́ jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó yí i sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́. "Ẹ̀yin obìnrin yìí," ó ní, kò sì parí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀."

"Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì láàárọ̀ yìí. Ó ti ń kó ẹrù síbẹ̀. Ẹ ní kí n wá lé ẹni tí ò ṣẹ̀?"

"Ẹni tẹ́ ẹ lé ní ìjẹta náà ò ṣẹ̀, sà."

Ọ̀gá wò ó. "Ta ló ní kí n lé e, màmá?" Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ní kí ọmọ náà padà wá sórí àga rẹ̀ níbí, pé ìyẹn lòun lè ṣe. Bó bá di ọdún mìíràn tí nǹkan bá rọrùn, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ń fọṣọ nígbà tó dé ilé rẹ̀. Ó fẹ́ dìde kí i, Ṣódájú ní kó jókòó. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìfọṣọ, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ìkankan pamọ́. Àbúrò rẹ̀ ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ.

"Ìgbà tí mo lọ bá yín ra omi ni?" ó béèrè.

"Ìgbà yẹn ni."

"Mo sáré lọ ni o. Mo rò pé ooru ti mú yín gan-an ni." Ó fún aṣọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a. "Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dìde nílẹ̀. Wáyà inú ẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ ti dì í pọ̀? Bí ẹ bá fi sílẹ̀ wúruwùru, fáànù á máa gé e. Mo máa wá bá yín wò ó."

Ó wá lóòótọ́. Ó di wáyà pọ̀ nigín-nigín. Fáànù kan wà tí Ṣódájú dè sódì, tó ń fẹ́ ooru padà sínú ilé. Ó tú u, ó yí i síta. Kọ̀ǹpútà náà wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ó jẹun níwájú wọn, ó jẹ ẹ́ tán. Ọkọ Ṣódájú ní bí ìyàwó òun bá dé ọ̀run, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ han òun, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín, àbúrò rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ara tu Ṣódájú. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ò ní di omi, pé ọmọ ìyá ló ń jẹ́ ọmọ ìyá.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, àbúrò rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ṣí i. Ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀: sìkírúdíráfà, búrọ́ọ̀ṣì kékeré, téèpù. Ó da nọ́ọ̀tì inú agolo sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi hàn án. Ó dojú báàgì dé, ó gbọ̀n ọ́n. Kò fajú ro. Bí ẹni tó ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló ṣe ṣe é.

"Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀gbọ́n mi, kí n tó máa lọ."

"Kí ló dé, àbúrò mi?" Ṣódájú ní. "Kò tó bẹ́ẹ̀. Kó nǹkan ẹ, jọ̀ọ́."

Ohun tó fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, òun náà ló sì sọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, ojú rẹ̀ ti rìn lórí àwọn irinṣẹ́ náà láti ìkan dé ìkan, ó ti dé orí nọ́ọ̀tì, ó ti wọ inú báàgì lọ. Àbúrò rẹ̀ sì rí i. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà, ó kí ọkọ Ṣódájú, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.